Òfin Ààbò àti Ọmọ Iṣẹ́ Iná Mànàmáná ní Kòsọ́fẹ́, 1955 sí 2010

Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ bébà yìí lógún ni ìdí tí òfin ààbò lẹ́nu iṣẹ́ fi ń gbòòrò sí i láti 1955, síbẹ̀ tí kò rọrùn fún un láti dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé kò sí òfin, tàbí pé oríkunkun àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó fà á. Èrò méjèèjì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àgbẹ̀dẹ ni ó yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ẹwìrì ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń wà níbẹ̀. Ó ń fẹ́ iná, ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá, ó sì ń pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan irin gbígbóná. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní òfin ààbò, ṣùgbọ́n òun náà ni. Iná mànàmáná, tí ó dé Èkó ní 1896, dorí ètò yìí kodò. (Ewu rẹ̀ kò ṣàjèjì: ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ni àjọ iná gbé síwájú olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Marina ní 1964.) Bí ilé ṣe ń pọ̀ lẹ́bàá títì Ìkòròdú, wáyà fífà di iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọmọ tí ó kéré jù ni ó fúyẹ́ jù. Àárín igi àjà gbà á, òun sì ni wọ́n ń rán gòkè. Bí iná NEPA bá ti lọ (ará àdúgbò ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, bí àjọ náà tilẹ̀ ti kógbá wọlé ní 2005), wọn a ní ewu ti tán. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé kan bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ wáyà ilé láìlo ṣéńjóófà, iná yóò gba ẹ̀yìn dé ọwọ́ ọmọ tí ó wà lórí àjà.

Òfin Fákítírì ti 1955 kò ka ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá sí fákítírì. Ti 1987 yí èyí padà: ẹnì kan ṣoṣo tó. Ìlọsíwájú gidi ni, nítorí ó mú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké wọlé. Ṣùgbọ́n ibi kan pàtó tí aṣàbẹ̀wò lè kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni òfin náà ń wò. Ní Kétu, ibi ìkó-irinṣẹ́-sí lásán ni ṣọ́ọ̀bù oníná sábà máa ń jẹ́. Ilé onílé ni iṣẹ́ wà, Ìkòsì lónìí, ẹ̀yìn ọjà Mile 12 lọ́la.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974 béèrè ìwé àdéhùn fún ọmọ iṣẹ́ tí ó ti ju ọdún 12 lọ tí kò sì tí ì pé 16, kí ìkọ́ṣẹ́ náà má sì ju ọdún 5 lọ. Òbí àti ọ̀gá a máa tọwọ́ bọ̀wé lóòótọ́, ìwé náà a sì sọ iye owó, iye ọdún àti ọ̀rọ̀ fírídọ̀mù. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó sọ ẹni tí yóò ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí ó ka ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Àjọ NSITF ni ó ń bójú tó àpò owó náà; ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń dá sí i. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Ọmọ iṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Òbí rẹ̀ ni ó ń sanwó fún ọ̀gá. Kò sí iye kan tí ìdá náà lè ti jáde. Nígbà tí iná bá gbé ọmọ náà, ọ̀gá àti òbí ni yóò pín owó ìwòsàn, bí wọ́n bá lè pín in láìjà.