Búrẹ́dì Inú Ẹran: Ìtàn Ìṣù Ẹran Kan Tó Gbẹ

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ èdè sì ni pẹ̀lú.

Ní ọdún 2012, mo wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá. Ìyá àgbà òyìnbó kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tèmi. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ó ti ń gbé oúnjẹ fún mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní "meatloaf": ẹran màlúù lílọ̀ tí a pò mọ́ ẹyin, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì, tí a ṣù gbọọrọ, tí a sì yan nínú ààrò búrẹ́dì. Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dúbúlẹ̀, mo pinnu pé èmi náà yóò sè é fún un.

Ó ti kọ bí a ṣe ń sè é sórí ìwé pélébé kan fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ó kọ búrẹ́dì sí, mo fò ó. Lójú tèmi, ẹni tó bá po búrẹ́dì mọ́ ẹran, àìní ló ń bò mọ́lẹ̀. Ṣé irú èyí ni mo fẹ́ gbé fún àgbàlagbà tó ti ṣe mí lóore? Ẹran tí kò lọ́ràá rárá ni mo rà. Nítorí ìbẹ̀rù kí ó má lọ ṣàìjinná, mo fi í sínú ààrò fún wákàtí méjì. Ohun tó jáde gbẹ bí èèpo igi.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìyá kò bínú. Ó ní kí n gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí n bu omi ẹran gbígbóná díẹ̀ sí i nínú ìkòkò, kí n dé e, kí n sì gbé e ka iná tí kò le. Omi tó ti jáde lára ẹran kò padà sínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n omi tó yí i ká jẹ́ kí ó ṣeé gbé mì. Èyí tó ṣẹ́ kù, mo rún un sínú ọbẹ̀ ata lọ́jọ́ kejì. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó bi mí pé, "Búrẹ́dì dà?" Mo sọ èrò mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọdé ni òun nígbà ogun, nígbà tí ìjọba fi ìwọ̀n sí ẹran tí ilé kọ̀ọ̀kan lè rà, búrẹ́dì sì ni ìyá òun fi ń jẹ́ kí ẹran kékeré kárí ilé. "Ṣùgbọ́n ogun ti parí tipẹ́," ni ó wí, "mo ṣì ń fi búrẹ́dì sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi lọ sídìí ìwé. Òótọ́ ni ìyá sọ: láti oṣù kẹta ọdún 1943 títí di oṣù kọkànlá ọdún 1945 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n sí ẹran rírà. Ṣáájú èyí, ọ̀wọ́n owó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ti mú kí nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà láìníṣẹ́ ní 1933. Ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí láti lọ ẹran ti wọ ilé ìdáná láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Karl Drais, ará Jámánì tó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì jáde ní 1817, ni wọ́n máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ náà. Ẹran líle tí owó rẹ̀ kò pọ̀ wá di èyí tí gbogbo ilé lè jẹ.

Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, èmi ni mo jàre: àìní ló mú búrẹ́dì wọ inú ẹran. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Nínú ìwé ìsebẹ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí a fi orúkọ Apicius pè, a rí ẹran gígún tí a pò mọ́ búrẹ́dì funfun tí a rẹ sínú wáìnì, tí a sì fi ata dúdú sí. Ata dúdú, láti Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o wá nígbà náà. Kì í ṣe oúnjẹ tálákà. Ọgbọ́n ìsebẹ̀ ni búrẹ́dì náà. Àìní kàn tún fi í kọ́ àwọn ènìyàn ni.

Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "hlaf" ni búrẹ́dì, òun ló di "loaf" lónìí. Inú rẹ̀ náà ni "lord" ti wá, èyí tó túmọ̀ sí olùṣọ́ búrẹ́dì, àti "lady", ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. "Meat" fúnra rẹ̀, oúnjẹ lásán ni ó túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo ń fi ìtàn ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ ni mo yọ búrẹ́dì kúrò nínú ohun tí búrẹ́dì wà nínú orúkọ rẹ̀! Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe "loaf" ní "ìṣù àkàrà". Nítorí náà ni mo ṣe pe oúnjẹ yìí ní "ìṣù ẹran".

Iṣẹ́ wo ni búrẹ́dì ń ṣe níbẹ̀? Bí iná bá mú ẹran, ẹran a súnkì, a sì fún omi ara rẹ̀ jáde. Búrẹ́dì tí a ti rẹ sínú mílíìkì a gba omi náà dúró, kò sì ní jẹ́ kí ẹran lílọ̀ lẹ̀ pọ̀ di òkúta. Nígbà tí mo tún un sè, ègé búrẹ́dì méjì ni mo rẹ sínú ààbọ̀ ife mílíìkì, fún ẹran gíráàmù 700 tó lọ́ràá díẹ̀, pẹ̀lú ẹyin kan. Mo rọra pò ó, n kò gún un. Mo yan án fún nǹkan bíi wákàtí kan, mo sì yọ ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ dé ìwọ̀n 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí ibẹ̀ ni ẹran lílọ̀ ti láìléwu. Mo jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gé e.

Ìyá jẹ ègé kan, ó sì na àwo sí mi pé kí n bu òmíràn sí i. Ìwé pélébé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ fún mi kí n tó bèèrè.