Ayé Tó Lófin àti Ayé Tó Ṣeé Ṣírò

Nínú ìwé kan tí Pierre-Simon Laplace, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbé jáde ní 1814, ó ṣàpèjúwe òye kan tí ó mọ ibi tí èérún kọ̀ọ̀kan wà nínú àgbáńlá ayé àti gbogbo agbára tí ó ń tì í, tí ohunkóhun kò sì ní pamọ́ fún un, ì báà jẹ́ ti àná, ì báà jẹ́ ti ọ̀la. Ọ̀rọ̀ méjì ni Laplace dì sínú ẹrù kan: pé ipò tí ayé wà lónìí ló ń bí ipò ọ̀la láìyẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá mọ òfin náà lè fi ìṣirò mọ ọ̀la kí ó tó dé. Ẹrù náà tó tú, nítorí pé èkíní lè jẹ́ òótọ́ kí èkejì má rí bẹ́ẹ̀.

Lórí ọpọ́n ayò, àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Ojú 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò sì jẹ́ 48. Bí ó ti wù kí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pín sójú ọpọ́n pọ̀ tó, ó lópin. Ìdí nìyí tí John Romein àti Henri Bal fi lè fi kọ̀ǹpútà yẹ ipò tí ó lé ní bílíọ̀nù 889 wò ní Amsterdam ní 2002, nínú awari tí ó jẹ́ ọmọ ìyá ayò, tí wọ́n sì rí i pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣìṣe bá kojú ara wọn, ọ̀mì ni.

Ọ̀tọ̀ ni ti eré tí John Conway gbé kalẹ̀ ní Cambridge, tí ayé mọ̀ ní 1970. Ojú ọpọ́n tirẹ̀ kò lópin, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ààyè tàbí òkú: ààyè tí ó ní alámùúlégbè méjì tàbí mẹ́ta tí ó wà láàyè, nínú mẹ́jọ tí ó yí i ká, kò ní kú, òkú tí ó bá ní mẹ́ta géérégé yóò jí, ikú ni ti ìyókù. Bí ààyè mẹ́ta bá tò ní ìbú, méjì ẹ̀gbẹ́ yóò kú, òkè àti ìsàlẹ̀ ti àárín yóò jí, ìlà náà yóò dìde ní òòró, yóò sì tún padà dùbúlẹ̀. Kò sí oríire tàbí èèṣì kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìlànà ìṣirò kan tí ó lè sọ, fún gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ tí ènìyàn lè tò, bóyá gbogbo rẹ̀ yóò kú tán lọ́jọ́ kan, nítorí pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe ni a lè fi àwọn ojú náà kọ́, Alan Turing sì ti fi hàn ní 1936 pé kò sí ìlànà tí ó lè sọ, fún gbogbo ẹ̀rọ ìṣirò, èwo ni yóò dúró àti èwo ni kò ní dúró.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìmọ̀ físíìsì òde òní, kò sí ẹni tí ó lè sọ èwo nínú àwọn átọ́ọ̀mù kábọ̀n-14 ni yóò tú ká lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé kò sí ìdí tí ó fara pamọ́ tí ó ń yàn án. Ṣùgbọ́n pé ìdajì wọn yóò ti tú ká láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún, ìṣirò ti sọ ọ́ tán, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ń fi mọ ọjọ́ orí egungun àti èédú tí wọ́n bá hú.