Ilé irin Niamey: bó ṣe dé, bó ṣe lọ



Ẹ mọ bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń ṣe wá níhìn-ín. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, páànù orí kíláàsì ti gbóná bí agbada, òógùn ń kán sórí ìwé àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan bi mí pé: «Tíṣà, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè fi irin kọ́ ilé kó má gbóná ni?» Ó wà o. Wọ́n ti ṣe é rí, kò sì jìnnà sí wa. Ìtàn ilé náà nìyí.

Ọmọ Faransé kan wà tó ń jẹ́ Jean Prouvé. Wọ́n bí i ní 1901, ó kú ní 1984. Iṣẹ́ irin ló kọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Maxéville, lẹ́bàá ìlú Nancy. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Faransé ń wá ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà. Nígbà náà, Dahomey tiwa àti Niger jọ wà lábẹ́ àkóso kan náà, Dakar sì ni olú ìlú rẹ̀. Prouvé ṣe ilé kan tí èèyàn lè tú palẹ̀ kó sì kó sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1949, wọ́n to àkọ́kọ́ sí Niamey. Ní 1951, wọ́n to méjì mìíràn sí Brazzaville fún àwọn tó ń polówó alumíníọ́mù Faransé.

Ilé ilẹ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀. Ẹ dán an wò nílé: ẹ di etí ìwé kan mú, yóò wọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ká a kó ní igun, yóò dúró gbọnyin. Bẹ́ẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ń lágbára láì wúwo. Irin kíká yìí ni wọ́n fi ṣe òpó àárín ilé, tí àwọn Faransé ń pè ní portique. Ó pín sí méjì bí ẹkẹ́ tí àwọn bàbá wa fi ń gbé òrùlé koríko ró ní abà. Òun ló gbé irin gígùn tó wà ní góńgó òrùlé, ẹrù òrùlé á sì gba ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpìlẹ̀.

Nítorí náà, ògiri kò ní láti wúwo. Pátákó alumíníọ́mù ni, àwọn kan sì ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn. Mítà kan mítà kan ni wọ́n fi pín gbogbo ilé náà. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn kò lè gba irin tó ju mítà 4 lọ, torí náà kò sí ẹ̀yà kankan tó gùn jù bẹ́ẹ̀.

Ti ooru ńkọ́? Òrùlé méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì, àyè sì wà láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè jáde, èyí tó tutù á wọlé dípò rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé ká, pẹ̀lú àwọn pátákó tó ń dí oòrùn kó tó kan ògiri.

Síbẹ̀, mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n tò mọ. Owó rẹ̀ kò dín sí ti ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ìrísí rẹ̀ kò sì wu àwọn ọ̀gá Faransé tí wọ́n ṣe é fún.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, oníṣòwò kan láti Paris, Eric Touchaleaume, ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tú wọn, ó kó wọn padà sí Faransé. Ní oṣù kẹfà 2007, wọ́n ta ọ̀kan lára ti Brazzaville ní New York, ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ní 2008, wọ́n tò ó sí iwájú Tate Modern ní London káwọn èèyàn lè wò ó. Ní Niamey, ìpìlẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àwọn kan ní oníṣòwò náà gbà wọ́n lọ́wọ́ ìpata ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é kó rọrùn láti kó wá, bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn láti kó lọ.

Ẹnikẹ́ni kò lè tú ọgbọ́n inú rẹ̀ kó lọ ní tirẹ̀. Àwọn tó ń jó irin àti àwọn káfíńtà wa lè fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ páànù, kí wọ́n dojú fèrèsé kọra wọn, kí wọ́n fa ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Kí wọ́n sáà de òrùlé mọ́ òpó, kí wọ́n de òpó mọ́ ìpìlẹ̀ dáadáa, torí òrùlé fúyẹ́, ìjì wa kò sì mọ ọmọléèwé.

Èyí ni mo fi dá ọmọ yẹn lóhùn. Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí ẹ ń kọ́ ilé láyé ọjọ́un, kí ni ẹ ń ṣe kí ooru má bàa pa ará ilé? Ẹ kọ ọ́ síbí, kí àwọn ọmọ rí i kà.