Ọjà Tí Òjò Ń Darí ní Ẹ̀yìn Odi Ìbàdàn

Ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, òjò ni ọlọ́jà fi ń ka oṣù láti ayé ìgbà. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, ọkọ́ àti irúgbìn àgbàdo ni oníbàárà ń wá. Bí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, alágbàdo àti ẹlẹ́lùbọ́ a rí oòrùn sá ọjà wọn. Ìsinmi yìí ni wọ́n gbójú lé, ṣùgbọ́n òjò kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, àgbàrá wó afárá káàkiri Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100.

Àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ kò jìnnà sí wọn. Ibùdó ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ń wọn òjò nítòsí Mọ́níyà. NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ń kéde lọ́dọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Àgbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó yáwó kó irúgbìn àti oògùn apakoríko sí ṣọ́ọ̀bù, tí òjò wá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èlé ti ń gorí owó rẹ̀ kí oníbàárà kan tó yọjú. Ti ẹni tó ń ta ata lórí WhatsApp tilẹ̀ kéré: bí òjò yóò bá ba ọ̀nà oko jẹ́ lọ́la, kó ti mọ̀ kó tó gba owó lónìí.