Iná Yíyá Nínú Ìtàn Ilé Yorùbá: Òrùlé, Igi Ìdáná àti Àyípadà Àkókò

Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa igi ìdáná ní ilẹ̀ Yorùbá, oúnjẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Èrò tí ó wà lẹ́yìn èyí ni pé ilẹ̀ ooru kò nílò iná láti mú ilé móoru. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ èrò náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìkòkò tàbí ọbẹ̀: yáná. Ẹni tí ó ń yáná jókòó ti iná kí ara rẹ̀ lè móoru ni. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí dáná, ó yàtọ̀ sí finná, ó sì yàtọ̀ sí tanná. Èdè kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í ṣe.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọpa rẹ̀ ni bí iná yíyá ṣe jẹ́ apá kan ìgbésí ayé inú agbo ilé, bí ó ṣe kúrò nínú ilé, àti ohun tí ìkúrò náà kó bá igbó àti àwọn obìnrin. Kókó tí a fẹ́ fi hàn ni pé àyípadà òrùlé ni ó lé iná jáde kúrò nínú ilé, kì í ṣe pé igi tán tàbí pé òtútù dópin.

Ọyẹ́, òjò àti ara ènìyàn

Ìgbà méjì ni ọdún pín sí ní ilẹ̀ Yorùbá: ìgbà òjò, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Òtútù ń bẹ nínú ìgbà méjèèjì. Ní àárín ìgbà òjò, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ, oòrùn kì í sábà yọ, ara ògiri a sì máa tutù. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà. Ọ̀sán a gbóná, ṣùgbọ́n ní ìdájí, ìwọ̀n ooru ní Ìbàdàn lè lọ sílẹ̀ ju 20°C lọ. Ó máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Òkè-Ògùn, tí ó jìnnà sí òkun.

Fún ọ̀dọ́ tí ó ní aṣọ ìbora, èyí kì í ṣe ohun bàbàrà. Fún arúgbó, fún ọmọ tuntun àti fún abiyamọ, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n súnmọ́ iná jù nínú ilé. Wọ́n ń gbé omi gbígbóná kaná fún ìwẹ̀ abiyamọ, wọ́n ń fi iná sí ìtòsí ibi tí ó ń sùn, àwọn àgbà sì ń yáná ní ìdájí kí àwọn ọmọdé tó wá kí wọn. Ibi iná yíyá yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn àti àlọ́ ti ń jáde.

Agbo ilé àti iná inú rẹ̀

Ògiri amọ̀ tí ó nípọn àti òrùlé koríko ni agbo ilé àtijọ́ ní. Ní apá ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní apá igbó, wọ́n ń lo ewé. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí wọ́n ń kó koríko náà wá fún Aláàfin. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni koríko yìí ń gbó. Àkókò tí ọyẹ́ ń mú ènìyàn wá ibi iná náà ni àkókò tí ilẹ̀ ń pèsè òrùlé tuntun.

Iná àti òrùlé koríko jọ ń gbé pọ̀. Èéfín ń gba inú koríko kọjá jáde, kò sì há mọ́ ènìyàn lára bí ó ti máa ń há lábẹ́ ohun tí kò ní ihò. Bí ó ti ń kọjá, ó ń lé kòkòrò, ó ń gbẹ ọ̀rinrin òjò, ó sì ń mú kí koríko pẹ́ kí ó tó jẹrà. Àgbàdo irúgbìn àti ẹja tí wọ́n bá so sí òkè ààrò kì í bàjẹ́ kíákíá. Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́rin ni iná kan ń ṣe: ó ń se oúnjẹ, ó ń mú ara móoru, ó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́, ó sì ń tọ́jú ilé.

Ìbáṣepọ̀ yìí ní ewu. Nínú ọyẹ́, ẹ̀tapàrá kan ṣoṣo tó láti jó agbo ilé kan run, kí ó sì ràn mọ́ ti aládùúgbò. Ẹni tí ó ń yáná ní abẹ́ koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣọ́ iná.

Iṣẹ́ obìnrin àti kàlẹ́ńdà igi

Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń ṣẹ́gi, tí wọ́n ń di ẹrù, tí wọ́n sì ń fi òṣùká gbé e wálé. Iṣẹ́ yìí ní àkókò tirẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ń ṣán oko, igi tí wọ́n gé ń gbẹ nílẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe a kó o jọ sí abẹ́ òrùlé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa fi igi tútù dáná ní oṣù keje: èéfín yóò pọ̀, ooru yóò sì kéré, ní àsìkò tí ara nílò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo igi ni wọ́n ń dá. Ní ọ̀dàn, àyin ni àwọn obìnrin ń wá, nítorí pé ó le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Wọn kì í gé igi ẹ̀mí tí ń so èso òrí, wọn kì í sì í gé igi igbá tí a fi ń ṣe irú, nítorí oúnjẹ àti owó obìnrin wà lórí wọn. Ohun tí a lè pè ní òfin igbó nìyí, ó sì ti wà ṣáájú kí ìjọba kankan tó kọ òfin sílẹ̀.

Páànù àti igbó ọba

Nǹkan méjì yí ètò yìí padà. Èkíní ni páànù. Láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti ń tàn ká láti Èkó lọ sí àwọn ìlú mìíràn, owó kòkó sì mú un yára. Ìdí tí ó fi wu ènìyàn kò fara sin: iná kì í jó o, kò sì nílò àtúnṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n páànù kì í jẹ́ kí èéfín jáde. Ilé tí ó ní páànù àti àjà kò lè gba ààrò mọ́ra mọ́. Ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ooru rẹ̀ sì bá a lọ. Iyàrá tí ó wà lábẹ́ páànù a máa gbóná ní ọ̀sán, a sì máa tutù ní òru ju ti àtijọ́ lọ. Aṣọ ìbora àti ilẹ̀kùn títì ni ó rọ́pò iná fún àwọn àgbà.

Èkejì ni igbó ọba. Ní ọdún 1899, ìjọba Èkó ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ní ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n ń là nígbà náà. Igi àjèjì bíi tíìkì àti kásíà wọ inú oko igi ìjọba, kásíà ní pàtàkì fún ìdáná. Aṣọ́gbó dé, ìwé àṣẹ sì dé. Igi tí ó jẹ́ ohun ọ̀fẹ́ fún obìnrin tí ó mọ ọ̀nà oko di ohun tí a lè mú ènìyàn fún. Bí ìlú ti ń tóbi, ọ̀pọ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ra igi lọ́wọ́ onígi dípò kí wọ́n ṣẹ́ ẹ.

Kẹrosíìnì lọ, èédú dé

Lẹ́yìn tí a rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956, tí owó epo sì pọ̀ ní àwọn ọdún 1970, sítóòfù kẹrosíìnì di ohun èlò tí a ń rí nínú ilé káàkiri ìlú. Ó dà bí ẹni pé ìtàn igi ti parí. Kò parí. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986 dín agbára náírà kù, àìrí epo rà sì di ohun tí ojú mọ́. Nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí kẹrosíìnì ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ilé ti padà sí igi, tàbí kí wọ́n yà sí èédú.

Èédú yìí ni ó gbé ìtàn náà padà sí ọ̀dàn. Láti Òkè-Ògùn ni ọkọ̀ ti ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Àyin ṣì ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sun èédú tà fún ìlú kò ní ìdí tí obìnrin ilé ní láti dá ẹ̀mí àti igbá sí. Òfin àtijọ́ dúró lórí pé ẹni tí ń dáná ni ẹni tí ń ká èso. Nígbà tí àwọn méjèèjì pínyà, igi eléso bọ́ sínú iná.

Ara obìnrin náà san gbèsè tirẹ̀. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìwádìí kan láàárín aboyún 324 tí wọ́n ń lo igi tàbí kẹrosíìnì, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fún ní sítóòfù tí ń lo ẹ́tánọ̀ọ̀lù tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn tí ó ń bá ìdáná wọn àtijọ́ lọ. Iná tí a ń dá fún abiyamọ láti dáàbò bo ara rẹ̀ ti ń pa aboyún lára.

Ìkádìí

Àwọn àgbà a máa sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Nínú ìtàn tí a tọpa rẹ̀ yìí, òrùlé, obìnrin àti igbó ni ààrò mẹ́ta. Páànù yọ ọ̀kan kúrò, aṣọ́gbó àti ọjà èédú sì mi èkejì àti ẹ̀kẹta. Ètò ìjọba tí ó bá fẹ́ dá igi ẹ̀mí sí nípa fífi òfin de ẹlẹ́èédú nìkan yóò tún ṣe àṣìṣe Olókemèjì, bí kò bá bi obìnrin tí ó ń dáná léèrè ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ọyẹ́ kò tíì dẹ́kun fífẹ́. Ní ìdájí oṣù kìíní, arúgbó tí ó jókòó ti ìṣasùn èédú ní ẹ̀yìnkùlé ṣì ń ṣe ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń yáná.