Ìwà Jọ̀wà Nínú Ẹ̀jẹ̀

Àwọn àgbà ní ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò dárúkọ ojú. Ibi tí òwe yìí ti yé mi jù ni orí tábìlì ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, níbi tí àwọn àfẹ́sọ́nà ti ń lọ wádìí jẹnotáìpù wọn.

Kán ẹ̀jẹ̀ AA sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o kán ti AS sí èkejì: pupa ni méjèèjì, kò sí ojú tó lè yà wọ́n. Iná mànàmáná ló ń yà wọ́n. Ohun kíún inú omi, ì báà jẹ́ èérún amọ̀ tàbí purotéènì, sábà máa ń ní iná díẹ̀ lára. Bí a bá ki wáyà pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù bọ omi náà, èyí tí nẹ́gẹ́tíìfù wà lára rẹ̀ yóò kọrí sí ọ̀dọ̀ pọ́sítíìfù. Ferdinand Reuss rí i ní Moscow lọ́dún 1807 pé èérún amọ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀. Arne Tiselius, ọmọ Sweden, sọ ọ́ di irinṣẹ́ fún yíya purotéènì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1948.

Nílé àyẹ̀wò, wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kí hẹmoglóbíìnì, ohun pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, lè tú jáde. Wọ́n á fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí cellulose acetate, tó rí bí bébà, tó sì ti mu omi tí pH rẹ̀ ń lọ bí 8.6. Apá nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n ń fi í sí. Nínú irú omi yìí, nẹ́gẹ́tíìfù ló wà lára gbogbo hẹmoglóbíìnì, àmọ́ kò pọ̀ bákan náà. Èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń yára jù. Bí wọ́n bá ti tan iná, ìrìn bẹ̀rẹ̀. Hẹmoglóbíìnì A ń ṣíwájú, S ń tẹ̀ lé e, C, tó wà láàárín àwa Yorùbá náà, ń kẹ́yìn. Kò ní í pẹ́ tí àwọn tó ń rìn bákan náà á fi kóra jọ sójú kan, tí wọ́n á di ìlà pupa. Bí ìlà A bá dá wà, AA ni. Bí ti S bá wà pẹ̀lú rẹ̀, AS ni. Kò sẹ́ni tó di àwọn tó wà nínú ìlà kan pọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ló dọ́gba.

Lọ́dún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ìrìn yìí hàn pé hẹmoglóbíìnì aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀. Vernon Ingram wá rí ìdí rẹ̀ ní Cambridge. Hẹmoglóbíìnì ní ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní beta, tí èròjà 146 tò sí bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹyọ kẹfà ti A jẹ́ glutamic acid, tó ní nẹ́gẹ́tíìfù. Ti S jẹ́ valine, tí kò ní iná kankan. Ti C jẹ́ lysine, pọ́sítíìfù gan-an ló gbé wá. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan péré! Valine yìí náà ni, bí ọ́síjìn bá dín, tó ń mú kí hẹmoglóbíìnì S lẹ̀ mọ́ra wọn, kí wọ́n gùn bí okùn, títí sẹ́ẹ̀lì á fi tẹ̀ bí dòjé. Ibẹ̀ ni ìrora tí ọmọ fi ń ké lóru ti ń wá. Àjọlẹ̀pọ̀ yẹn kò ní ọ̀rẹ́ nínú.

Ìrìn bákan náà kò sì fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwà kan náà. Hẹmoglóbíìnì D wà tí iná ara rẹ̀ bá ti S dọ́gba; nínú omi pH 8.6, ojú ìlà kan náà ni wọ́n ń dúró sí. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan dájọ́ lè pe AD ní AS, kí ó sì fi èsì tí kò tọ́ lé àwọn àfẹ́sọ́nà lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn àfẹ́sọ́nà pé kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìyapa. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé ẹ̀jẹ̀ náà sórí agar tí citrate wà nínú rẹ̀, tí pH rẹ̀ ń lọ bí 6.2. Níbẹ̀, D á lọ bá A, S á dá dúró.