Láti Ìdí Àgbà dé Ilé-Ẹjọ́ Onílẹ̀kùn Púpọ̀: Ìdàgbàsókè Ìlàjà ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òwe yìí sí ọgbọ́n àtayébáyé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "kóòtù". Ní bí a ṣe ń pa á lónìí, òwe náà kò lè ṣáájú ilé-ẹjọ́ òyìnbó. Ẹ̀rí ìtàn ni ó jẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ bí ìlàjà ṣe ti ìdí àgbà bọ́ sínú ilé-ẹjọ́ gan-an.

Ìlàjà ní Àwùjọ Yorùbá
Baálé ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ aáwọ̀ inú agbo ilé. Èyí tí apá rẹ̀ kò bá ká a dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, kí ó tó di ti ààfin. Tọ̀túntòsì ni àwọn àgbà ń gbọ́, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ète wọn ju mímọ ẹni tí ó jàre lọ, torí pé àwọn tí ó jà náà ni yóò ṣì jọ máa gbé. Síbẹ̀, ètò yìí ní àléébù: wọ́n lè rọ obìnrin tàbí ọmọdé pé kí ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àlàáfíà ẹbí.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó
Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Òfin Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti 1876 sì fi òfin Gẹ̀ẹ́sì múlẹ̀ níbẹ̀, ó kàn fi àyè sílẹ̀ fún àṣà ìbílẹ̀ tí kò bá tako ẹ̀tọ́. Ìlàjà àgbà kò parun, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ti rí ibòmíràn gbà lọ. Níbẹ̀, ẹnì kan ní láti jàre, kí ẹnì kejì jẹ̀bi.

Ilé-Ẹjọ́ Onílẹ̀kùn Púpọ̀
Ní oṣù kẹrin 1976, ní ìlú Saint Paul ní Amẹ́ríkà, Frank Sander, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Harvard, dábàá pé kí ilé-ẹjọ́ máa yẹ ẹjọ́ wò, kí ó sì darí rẹ̀ sí ọ̀nà tí ó bá a mu: ọ̀dọ̀ onílàjà, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ yàn láti dá a, tàbí ọ̀dọ̀ adájọ́.

Ní Èkó, níbi tí ẹjọ́ ti ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbẹjọ́rò Kẹ́hìndé Àìná àti ẹgbẹ́ Negotiation and Conflict Management Group fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, 2002 ni wọ́n dá Lagos Multi-Door Courthouse sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Òfin ìpínlẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2007. Òfin àpapọ̀ ti 2023 sì rọ́pò ti 1988, ó fún ìlàjà ní ipò tirẹ̀.

Onílàjà ibẹ̀ kì í dájọ́. Ó ń gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì ń pa àṣírí mọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àdéhùn, tí adájọ́ sì fọwọ́ tì í, ó di ohun tí a lè mú ṣẹ bí ìdájọ́.

Àgbálọgbábọ̀
Ilé-ẹjọ́ yìí kì í ṣe ìdí àgbà tí ó padà wá, kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá. Ó jọ ti àgbà ní ti pé àtúnṣe ni ó ń wá. Ó yàtọ̀ ní ti pé ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní òwe kóòtù máa sọ ìgbà tí ó bí i. Ìgbà náà ń yí padà: àwọn kan ti ń ti kóòtù bọ̀ báyìí pẹ̀lú àdéhùn tí àwọn fúnra wọn ṣe.